Ohùn Àǹtí Kọ́là

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin mọ kọ́là rán. Ẹni tí kò mọ iṣẹ́ aránṣọ lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn tó ń fi ṣẹ́ẹ̀tì rírán jẹun: àpò kò ṣòro, apá kò ṣòro, kọ́là ló ń dójú ti aránṣọ. Bí etí kan bá fi ìwọ̀n orí abẹ́rẹ́ gùn ju èkejì lọ, gbogbo ayé ni yóò rí i, torí abẹ́ ojú ló wà. Ti ẹ̀gbọ́n mi kì í yẹ̀. Ìdí nìyẹn tí gbogbo àdúgbò fi ń pè é ní Àǹtí Kọ́là. Àwọn tí kò mọ ìdí orúkọ náà máa ń rò pé ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Kọ́lá. Wọ́n á ní, "Kọ́lá ńkọ́? Ṣé ara ẹ̀ le?" Òun náà á dáhùn láìrẹ́rìn-ín pé, "Ara ẹ̀ le dáadáa. Ó wà nínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn lọ́wọ́."

Ọdún méjì péré ló fi jù mí lọ. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, Màmá sọ ọ́ títí pé kí n máa fi "ẹ̀yin" bá a sọ̀rọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀ jálẹ̀. Ó ní "ẹ̀yin" ń sọ òun di arúgbó. Nítorí náà, ẹ má bínú bí ẹ bá ń gbọ́ tí mò ń wí pé ó ṣe báyìí, ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ìfẹ́ ni, kì í ṣe àfojúdi. Ojú wa jọra díẹ̀. Ní ti ohùn, ìbejì ni wá. Bí mo bá gbé fóònù ní ilé Màmá, oníbàárà ẹ̀gbọ́n mi á bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́ fún mi pé apá ṣẹ́ẹ̀tì òun gùn jù. Ọkọ mi gan-an, lọ́dún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, bá a sọ̀rọ̀ ìfẹ́ lórí fóònù fún odindi ìṣẹ́jú méjì kó tó mọ̀ pé àna òun lòun ń bá sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó ní láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, òun kò gbọ́ irú ẹ̀ mọ́, kí òun tó wá ní kó dákẹ́, ó di dandan kí òun gbádùn ẹ̀ díẹ̀.

Òun àti Màmá ló jọ ń gbé, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan, yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ tóóró kan tó gùn lọ sí ilé ìdáná. Ọmọ kan ṣoṣo tó bí ń ṣiṣẹ́ ní ìlú tó jìnnà. Ojú Màmá ti fọ́ láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn, ẹni ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rin sì ni wọ́n. Láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n mi á sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, níbi tí òun àti ọkùnrin kan tí a ń pè ní Aláyọ́ọ̀nù ti jọ ń ṣiṣẹ́. Òun á gé, á rán, ọkùnrin yẹn á lọ̀ ọ́, á so bọ́tìnnì mọ́ ọn. Lọ́sàn-án, á kó àwọn kọ́là tó kù sínú àpò, á gòkè padà wá jókòó ti Màmá lẹ́bàá fèrèsé, á máa fi ọwọ́ rán wọn.

Àwọn èèyàn máa ń sọ pé ojú lọ̀rọ̀ wà. Ní ilé yẹn, ohùn lọ̀rọ̀ wà. Ẹ̀gbọ́n mi á máa sọ ohun tó ń kọjá ní títì fún Màmá bó ṣe ń rán aṣọ: "Ọkùnrin eléré ìdárayá yẹn tún ti dé o. Ó ń sáré, àmọ́ ìyá arúgbó kan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá lára ẹ̀." Màmá á rẹ́rìn-ín títí ara wọn á fi máa gbọ̀n. Láti ilé ìdáná, ẹ̀gbọ́n mi á ké sí wọn pé, "Àga ti sún sápá òsì o, Màmá, ẹ rọra," Màmá á sì yà fún un bí ẹni tó rí i. Mi ò rò ó rí nígbà yẹn pé ohùn yẹn ni ojú tí ìyá mi fi ń ríran.

Nọ́ọ̀sì kan ló kọ́kọ́ kíyè sí i. Ó wá wọn aṣọ iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi dúró níwájú rẹ̀, ó ń fi tépù wọn èjìká rẹ̀, obìnrin yẹn sì tẹjú mọ́ ọn lọ́rùn.

Ó ní, "Àǹtí, ẹ gbé itọ́ mì."

"Kí n ṣe kí ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣáà gbé itọ́ mì."

Ẹ̀gbọ́n mi gbé itọ́ mì. Nọ́ọ̀sì gba tépù lọ́wọ́ ẹ̀, ó fi ìka méjì kan apá òsì ọ̀fun ẹ̀, ó ní kó tún un gbé mì. Ó wá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ pé, "Kókó kan wà níbí. Ẹ lọ fi han dókítà. Ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ má jẹ́ ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi ní gẹ̀gẹ̀ ni. Ó ní ìyá tó bí bàbá wa ní gẹ̀gẹ̀ lọ́rùn, ó gbé e dé àádọ́rùn-ún ọdún, gẹ̀gẹ̀ ò pa á, ìṣubú ló pa á. Nọ́ọ̀sì kò rẹ́rìn-ín. Àmọ́ àsìkò tí àwọn ilé ìwé fẹ́ wọlé ni, ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ ilé ìwé kún ilẹ̀ dé ojú fèrèsé. Ọ̀sẹ̀ yẹn kọjá. Oṣù méjì kọjá. Ohùn ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í há, ó ń fi omi gbígbóná àti oyin lé e. Èmi náà gbọ́ ọ pé ó há. Mo ní kó yé sùn lójú fèrèsé. Ohun tí mo sọ nìyẹn, mi ò lè purọ́ mọ́ ara mi.

Nígbà tó lọ sí ọsibítù níkẹyìn, wọ́n fi nǹkan tútù bí imú ajá pa á lọ́rùn, wọ́n ń yí ẹ̀rọ kan lórí ẹ̀, wọ́n ń wo àwòrán. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n fi abẹ́rẹ́ gígùn fa díẹ̀ nínú ẹran ara kókó náà láti lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó pè mí ní ìrọ̀lẹ́, ó ń fi ṣàwàdà. Ó ní láti ọgbọ̀n ọdún lé tí òun ti ń gún aṣọ lábẹ́rẹ́, òní lòun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ ohun tójú aṣọ ń rí.

Lọ́jọ́ tí èsì máa jáde, mo tọrọ àyè níbi iṣẹ́. Akọ̀wé ni mí ní ilé ìwé kan. A jókòó sórí àga onírin ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, a ń wo ẹ̀yìn àwọn tó jókòó níwájú wa. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìgùnpá gún mi, ó ní, "Wo kọ́là ọkùnrin yẹn. Ta ló ṣe irú ìkà yìí sí i?" Mo ṣì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n pè wá.

Dókítà náà kéré lọ́jọ́ orí, obìnrin ni. Ó ti ilẹ̀kùn. Lẹ́yìn náà, ó gbé àga ẹ̀ kúrò lẹ́yìn tábìlì, ó gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Ìgbà tó gbé àga yẹn ni mo ti mọ̀. Ẹni tó fẹ́ sọ ire kì í gbé àga.

"Mà, èsì yín ti dé. Jẹjẹrẹ ni."

Ẹ̀gbọ́n mi mi orí bí ìgbà tí oníbàárà bá ń sọ irú ṣẹ́ẹ̀tì tó fẹ́.

Dókítà ṣàlàyé. Ó ní nǹkan kan wà ní iwájú ọ̀nà ọ̀fun gbogbo èèyàn, ó rí bíi labalábá tó na ìyẹ́, tairọ́ọ̀dù ni wọ́n ń pè é. Òun ni jẹjẹrẹ náà wọ̀. Ó ní irú jẹjẹrẹ yìí kì í tètè sáré, ọ̀pọ̀ ló ń là á já, ṣùgbọ́n dandan ni kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n yọ gbogbo labalábá náà, kó sì máa lo oògùn lójoojúmọ́ títí ayé. Ẹ̀gbọ́n mi ò bi í bóyá òun máa kú. Ohun tó bi í ni pé, "Ohùn mi ńkọ́?"

Dókítà mú bírò. Ó ya àwòrán sórí bébà: labalábá, àti ìlà tín-ín-rín méjì lẹ́yìn ẹ̀. "Iṣan méjì yìí ló ń darí ohùn. Ẹ̀yìn ibẹ̀ gan-an ni wọ́n gbà kọjá. Bí ohùn yín ṣe há yẹn, òun ló ń kọ mí lóminú, mà. A máa gbìyànjú débi tí agbára wa mọ. Ṣùgbọ́n bí jẹjẹrẹ bá ti wé mọ́ iṣan yẹn, mi ò ní fi jẹjẹrẹ sílẹ̀ sí yín lára torí ohùn."

"Ó yé mi," ẹ̀gbọ́n mi wí. Ó gba bébà náà, ó ká a sí méjì, ó fi èékánná tẹ ojú ìká ẹ̀ dáadáa, bó ṣe máa ń tẹ kọ́là kó tó rán an. Ó tún un ká. Ó ń ká a títí ó fi kéré bíi bọ́tìnnì.

Wọ́n fi iṣẹ́ abẹ náà sí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí i. Ní ibùdókọ̀, ó sọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Má sọ fún Màmá."

Àwọn ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ṣiṣẹ́ bí ẹni tí wọ́n ń lé bọ̀ lẹ́yìn. Ó rán gbogbo aṣọ tó wà nílẹ̀. Nígbà tí ti oníbàárà tán, ó bẹ̀rẹ̀ ti ara ẹ̀: búláòsì méje, gbogbo wọn ló ní kọ́là gíga tó dé abẹ́ àgbọ̀n. Funfun méjì, aláwọ̀ ewé kan, èyí tó kù jẹ́ onílà. Aláyọ́ọ̀nù ló sọ bí òun ṣe rí wọn fún mi. Ó ní òun ń lọ̀ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, òun ń bínú, torí ẹ̀gbọ́n mi ló máa ń sọ pé kọ́là gíga kò yẹ obìnrin ọlọ́rùn kúkúrú. Ìgbà tí òun dé orí ẹ̀kẹta ló yé òun pé ojú egbò tí kò tíì sí ni obìnrin yìí ń rán aṣọ bò. Ó ní òun yọ áyọ́ọ̀nù lára iná, òun lọ dúró sẹ́yìn ilé.

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá sí iṣẹ́ abẹ nígbà tí a jà. Sátidé ni, Màmá wà nínú yàrá, àwa méjèèjì wà ní ilé ìdáná, a ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Mo ní, "O gbọ́dọ̀ sọ fún Màmá."

"Màá sọ tó bá yá."

"Ìgbà wo ló máa yá? Tí o bá tibẹ̀ bọ̀ tí o ò lè sọ̀rọ̀ ńkọ́? Ṣé èmi ni màá wá sọ fún wọn pé ẹni tó dúró síwájú wọn, ìwọ ni?"

Ó gbé àwo tó ń fọ̀ kalẹ̀. "Ìwọ tó ń gbé èso wá lọ́jọ́ Sátidé bí ẹni tó wá kí aláìsàn, ìwọ ló fẹ́ kọ́ mi bí màá ṣe bá Màmá sọ̀rọ̀? Ọdún mọ́kànlá! Ìgbà mélòó lo ti wẹ̀ wọ́n? Ìgbà mélòó?"

Mo ka iye ìgbà náà nínú mi. Kò tó ìka ọwọ́ kan. Ohùn Màmá gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ wá láti inú yàrá.

"Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ máa bọ̀ níbí."

A lọ bá wọn bí ọmọ ilé ìwé tó jẹ̀bi. Wọ́n jókòó létí ibùsùn, ọwọ́ wọn wà lórí eékún. Wọ́n ní, "Jókòó," wọ́n sì kọjú sí ibi tí ẹ̀gbọ́n mi wà gẹ́lẹ́. "Ó ti tó oṣù mẹ́rin tí mo ti ń gbọ́ ọ. Ohùn ẹ ń fà ní ìparí ọ̀rọ̀, bí aṣọ tí ìṣó kọ́. Mo rò pé ìwọ fúnra ẹ ò tíì mọ̀. Mo wá ń rò ó pé, bí mo bá sọ ọ́, ṣé mi ò ní dẹ́rù ba ọmọ mi báyìí? Mo dákẹ́. Mo ń bẹ Ọlọ́run nínú ara mi."

Mi ò lè wo ojú ẹ̀gbọ́n mi. Oṣù mẹ́rin. Bí Màmá bá sọ̀rọ̀ nígbà yẹn, bí èmi náà bá sọ ohun tí mo gbọ́, bí òun fúnra ẹ̀ bá ṣe ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn wí. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fi ìfẹ́ dákẹ́ fún ara wa.

"Kí ni wọ́n pe orúkọ ẹ̀?"

"Jẹjẹrẹ ni, Màmá."

Wọn ò pariwo. Wọ́n na ọwọ́. "Gbé ọrùn wá." Ẹ̀gbọ́n mi kúnlẹ̀ síwájú wọn, ó gbé àgbọ̀n sókè. Ìka Màmá rìn láti ẹ̀yìn etí wá sí iwájú ọ̀fun, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi kan ibẹ̀. Ó dúró síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Èmi ni mo kọ́kọ́ wẹ ọrùn yìí," wọ́n wí. "Èyí ò sí níbẹ̀ nígbà yẹn."

Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, takisí ti dúró nísàlẹ̀, mo gbé báàgì lọ́wọ́, mo ń wo aago. Ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ dágbére. Màmá ní àwọn kò fẹ́ ó dàbọ̀. Wọ́n ní, "Sọ ohun tó wà níta fún mi." Ó lọ sójú fèrèsé. Ó ní, "Oòrùn ò tíì jáde tán. Obìnrin kan ń gbálẹ̀ iwájú ṣọ́ọ̀bù bàtà, ó wọ ṣálì pupa. Ológbò kan jókòó sórí ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni, ó ń wò ó bíi pé òun ló gbà á síṣẹ́. Aláyọ́ọ̀nù ti ṣí ilẹ̀kùn wa. Ó gbójú sókè. Ó ń juwọ́." Ohùn ẹ̀ há, ó ń fà ní ìparí gbogbo ọ̀rọ̀. Màmá ń mi orí sí ìkọ̀ọ̀kan bí ẹni tó ń gba nǹkan sọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní, "Ó tó. Máa lọ."

Nínú takisí, ó ń ka gbogbo pátákó tí a bá kọjá sókè ketekete. "Ẹ má páàkì síbí. Ilé ìtajà táyà. Ẹ rọra, ọmọ ilé ìwé ń kọjá. A ń tún aago ṣe." Awakọ̀ ń wò ó nínú dígí. Ó wò mí, mo mi orí fún un pé kó jẹ́ kó kà á. Ó kà á dé ẹnu ọ̀nà ọsibítù. Ó ka orúkọ ọsibítù náà pẹ̀lú.

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ ni wọ́n tì í wọlé. Wọ́n ní wákàtí mẹ́ta. Ó di mẹ́rin, ó di márùn-ún. Mo ń pe Màmá ní wákàtí wákàtí, kò sí ohun tí mo lè sọ ju pé a ṣì ń retí. Ìgbà tí dókítà jáde wá, ojú àmì fìlà iṣẹ́ abẹ ṣì wà níwájú orí ẹ̀.

"Wọ́n wà láàyè, ara wọn balẹ̀. A yọ gbogbo ẹ̀, àti àwọn kókó kéékèèké tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀." Ó fọwọ́ kan ọrùn ara ẹ̀ lápá òsì. "Iṣan apá òsì, jẹjẹrẹ ti wọ inú ẹ̀. A ò rí i gbà."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀. Mo dúpẹ́ gan-an, torí àìsàn là ń wò, a kì í wo ikú. Mo wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi aṣọ bo ẹnu.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi lajú, ó fẹ́ sọ̀rọ̀. Èémí ló jáde. Ó dà bí ìgbà tí èèyàn bá ń fẹ́ eruku kúrò lójú tábìlì. Ó tún gbìyànjú ẹ̀. Mo sún etí mọ́ ọn lẹ́nu kí n tó gbọ́: "Ṣé ohun tó kù nìyí?" Mo ní dókítà sọ pé ó lè sàn díẹ̀, pé àwọn kan wà tó máa kọ́ ọ bí á ṣe máa lo èyí tó kù. Ó pa ojú dé.

Ọjọ́ kẹjọ la padà sílé. Mo ti sọ gbogbo ẹ̀ fún Màmá lórí fóònù, wọ́n ní ó yé àwọn. Èmi ló ṣíwájú gun àtẹ̀gùn, mo gbé báàgì, ẹ̀gbọ́n mi ń tẹ̀ lé mi díẹ̀díẹ̀ nínú búláòsì aláwọ̀ ewé. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Láìrò ó, mo ní, "Màmá, a ti dé o."

Màmá dìde lórí àga wọn. Mi ò rí i kí wọ́n dìde báyẹn láti ọdún pípẹ́. "Ọmọ mi! Ohùn ẹ! Nǹkan kan ò ṣe ohùn ẹ!" Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì, wọ́n rìn wá, wọ́n kọlu àga, wọn ò bìkítà. Wọ́n gbá mi mọ́ra. Wọ́n ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Wọ́n ní ohùn ẹ ti lọ, mo mọ̀ pé irọ́ ni, mo mọ̀." Mi ò lè sọ nǹkan kan. Bí mo bá sọ̀rọ̀, ńṣe ni màá tún máa fi ohùn ẹ̀gbọ́n mi tàn wọ́n. Ọwọ́ wọn ti dé ọrùn mi, ó ń wá egbò, jẹ́jẹ́, kó má bàa dùn mí. Ó yí i po. Kò rí nǹkan kan. Ọrùn mi dán.

Ọwọ́ náà dúró.

"Ìwọ kọ́," wọ́n wí.

Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ kan di ògiri mú. Ó ń wò wá. Ẹnu ẹ̀ ń ṣí, ó ń pa dé, mo mọ ohun tó ń sọ, "Màmá, èmi rèé," ó ń sọ ọ́ léraléra, kò dé ọ̀dọ̀ wọn. Èmi ló di ọwọ́ Màmá mú, mo mú un lọ bá a.

Láti ọjọ́ yẹn, mo dín ọ̀rọ̀ sísọ kù ní ilé náà. Ẹ̀gbọ́n mi ló kíyè sí i. Ó kọ ọ́ sínú ìwé kékeré tó ń gbé káàkiri: *Máa bá wọn sọ̀rọ̀. Jókòó síbi fèrèsé, kí o sọ títì fún wọn.* Mo jókòó. Mo sọ ọ́: ọkọ̀ kan kọjá, obìnrin kan kọjá, ó gbé àpò. Màmá gbọ́ mi fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n wá ní, "Ohùn ẹ̀ ni, ojú ẹ̀ kọ́. Fi sílẹ̀, ọmọ mi." Wọn ò sọ ọ́ láti bà mí nínú jẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó lórí ibùsùn bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí kò ní ìró, èjìká ẹ̀ nìkan ló ń gbọ̀n, ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe ẹ̀rín mọ́.

Lẹ́yìn oṣù méjì, wọ́n fún un ní oògùn kan tó máa pa jẹjẹrẹ èyíkéyìí tó bá ṣẹ́ kù. Wọ́n ní bó bá ti mu ún, kó má sún mọ́ ẹnikẹ́ni fún ọjọ́ mélòó kan, torí ìtànṣán oògùn náà á ṣì máa jáde lára ẹ̀, ó sì lè pa ẹlòmíràn lára. Mo kó wá sílé Màmá. Ẹ̀gbọ́n mi wọ yàrá ẹ̀yìn, ó ti ilẹ̀kùn. Màmá ní kí n gbé àga àwọn sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Mo ní ó sún mọ́ ọn jù. Mo gbé e dé ẹnu ilé ìdáná, ibi tó jìnnà jù, wọ́n sì jókòó síbẹ̀ láti àárọ̀, wọ́n ń bá ilẹ̀kùn sọ̀rọ̀. Wọ́n sọ ìtàn ọjọ́ tí wọ́n bí i, bó ṣe jẹ́ pé kò sunkún, tí agbẹ̀bí gbá a nídìí lẹ́ẹ̀mẹ́ta kó tó ké. "Ìgbà tó ké tán, kò dákẹ́ mọ́," wọ́n wí. Wọ́n á dúró díẹ̀, wọ́n á ní, "Ṣé o ń gbọ́ mi?" Ẹ̀gbọ́n mi á fi ìka kan ilẹ̀kùn.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kẹta, wọ́n bi í, kò kàn án. Wọ́n tún bi í. Mo lọ, mo ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Ó ti sùn lọ, aṣọ tó ń rán wà láyà ẹ̀, abẹ́rẹ́ ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀.

"Ó sùn ni, Màmá."

"Oorun ni, àbí ẹ tún ń pa nǹkan mọ́ fún mi?"

"Oorun ni. Mo búra."

Màmá ronú sí i. Wọ́n wá ń bá ìtàn náà lọ, àmọ́ wọ́n rẹ ohùn sílẹ̀ kí wọ́n má bàa jí i.

Ó ti lé ní ọdún kan báyìí. Màmá ti dàgbà sí i, wọn kì í dìde lórí àga wọn mọ́ bí ẹnikẹ́ni bá wọlé. Wọ́n ń dúró kí ẹni tó wọlé wá fọwọ́ kàn wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ti padà sí ṣọ́ọ̀bù, àárọ̀ nìkan, torí ó máa ń tètè rẹ̀ ẹ́. Aláyọ́ọ̀nù ló ń gbé fóònù. Àwọn oníbàárà tuntun rò pé obìnrin onígbéraga kan ni, tí kì í dá èèyàn lóhùn. Ohùn ẹ̀ sàn díẹ̀, ó tó kí ẹni tó wà nínú yàrá kan náà gbọ́ ọ bí rédíò bá ti kú. Oṣù mẹ́fà mẹ́fà la ń lọ fún àyẹ̀wò, wọn ò tíì rí nǹkan kan. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a tún lọ. Aláyọ́ọ̀nù pè mí lánàá, ó ní kí n wá bá òun wò ó, Àǹtí tún ti ń rán gbogbo aṣọ tó wà nílẹ̀ kíákíá, bíi ti ìgbà tí iṣẹ́ abẹ ń bọ̀.